Àwọ̀ Ọlọ́sẹ̀ Kan

Ṣọ́ọ̀kì ni mo kọ́kọ́ pè é. Ọdún tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀kà ni. Mo ń kọ ìṣirò sójú pátákó, mo sì rí i pé nǹkan funfun kan wà lára ìka ọwọ́ ọ̀tún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. Mo fi etí aṣọ nù ún, kò lọ. Nígbà tí a jáde fún ìsinmi ọ̀sán, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nídìí táǹkì omi, kò lọ. Kò ju orí ìṣó lọ nígbà náà. Kí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn tó parí, ó ti tó bọ́tìnnì, òmíràn ti yọ lọ́wọ́ òsì, òmíràn sì ti yọ lẹ́bàá ẹnu.

Ọmọ Arígìdì ni mí. Nílé wa, èdè tiwa là ń sọ kí a tó kọ́ Yorùbá nílé ìwé, nítorí náà àlejò ni mí ní Ọ̀kà láti ẹnu wá. Mi ò ní ìbátan níbẹ̀. Yàrá kan ni mo gbà lẹ́yìn ilé ìyá opó kan, ìyá náà sì fẹ́ràn mi dáadáa títí funfun yẹn fi dé ọrùn ọwọ́.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá rí ẹni bá jà. Wọ́n kàn ń sún sẹ́yìn ni. Ìyá onílé ra ife tuntun, ó ní kí n mú èyí àtijọ́ lọ sí yàrá mi, kí n máa fi mu omi. Obìnrin tí mo ń ra tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí n máa fi owó sórí tábìlì, òun á mú un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí pásítọ̀ bá ní kí á bọ ara wa lọ́wọ́, ẹni tó jókòó tì mí á rántí lójijì pé gèlè òun ti tú. Ọkùnrin kan tí a jọ ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, olùkọ́ bíi tèmi ní Ọ̀bà, wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Kò wọlé. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn òbí òun ń bẹ̀rù.

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó dìde, ó ní òun á pè mí. Kò pè.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára jù ni ti bisikíìtì. Ní ìparí sáà, mo ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo fi ọwọ́ ara mi pín in fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, mo rí bisikíìtì náà nínú koríko lẹ́yìn kíláàsì. Wọn ò já ọ̀rá rẹ̀. Mo ṣà wọ́n jọ, mo kó wọn sínú báàgì. Òun ni mo ń jẹ pẹ̀lú tíì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, èmi nìkan.

Mo lọ rí dókítà awọ kan ní Ọ̀wọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná. Ó ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ràn, kì í sì í pa èèyàn. Ara mi fúnra rẹ̀ ló ń pa ohun tó ń fún awọ ní àwọ̀. Ó fún mi ní ìpara, ó ní kí n máa lò ó, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí. Mo lò ó fún oṣù mẹ́jọ. Funfun náà ń lọ síwájú bó ṣe fẹ́.

Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo ti gbọ́ nípa obìnrin Ìkàrẹ́. Àwọn olùkọ́ méjì ń sọ̀rọ̀ ìyàwó kan tí ìpara bíbóra ti sọ di aláwọ̀ méjì, ojú pupa, oríkèé ọwọ́ dúdú. Wọ́n ní ẹnì kan wà ní Ìkàrẹ́ tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù fún àwọn ìyàwó, ó ní ẹ̀rọ kékeré tó fi ń fọ́n omi kan sára èèyàn, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, gbogbo ara á ti dọ́gba, á dà bíi ṣokoléètì. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ló ṣe é fún ara wọn, kí wọ́n lè dà bí ẹni tó yá oòrùn láìyá oòrùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ń ṣe bí ẹni tó ń máàkì ìwé.

Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀, ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ọ̀kà, ó gba àárín àpáta lọ sí Ìkàrẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè ibi tí wọ́n ti ń ránṣọ. Àga àti dígí wà níwájú. Lẹ́yìn, ó fi náílọ̀n gé igun kan sọ́tọ̀ bíi balùwẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ti fi páálí dí i pa, kí eruku má bàa lẹ̀ mọ́ ara tó ṣì tutù. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú.

Ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ìyàwó dà?"

Mo ní, "Kò sí ìyàwó. Èmi ni mo wá." Mo ká apá aṣọ mi sókè.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ojú tí àwọn èèyàn máa ń ṣe. Kò ṣe é. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán mú ọwọ́ mi, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ibi tí dúdú ti pàdé funfun.

"Àǹtí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní irú èyí. Kì í ràn. A jọ ń jẹun nínú àwo kan náà ni." Ó wá gbójú sókè. "Ohùn yín yìí, ṣé Arígìdì lẹ ti wá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá fi èdè wa kí mi. Arígìdì ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ ọ dáadáa, ó ń ṣi ọ̀rọ̀ mú, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan tí ẹnikẹ́ni ti di ọwọ́ mi mú láìjẹ́ dókítà, àti pé kí ó tún wá fi èdè ìyá mi bá mi sọ̀rọ̀! Mo yíjú sí ògiri. Ó dúró dè mí.

Ó ní kí n wọ inú náílọ̀n. Ó ní, "Ẹ dijú, ẹ sé èémí." Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Omi rẹ̀ tutù, ó rí wínníwínní bí ìkùukùu òwúrọ̀. Mo sé èémí títí, ó pọ̀ fún mi, mo mí. Ó dùn díẹ̀ lẹ́nu, ó sì korò ní ọ̀nà ọ̀fun. Lẹ́yìn tó parí, gbogbo ara mi ń rùn bí búrẹ́dì tó jó. Ó ní kí n má fọwọ́ kan omi títí di ọjọ́ kejì, kí n sì wá aṣọ ìbora tí mi ò nífẹ̀ẹ́ sí fi sùn, torí á kùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo jí, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó ti dọ́gba. Bí èèyàn bá wò ó dáadáa, á rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí àwọ̀ méjì ti pàdé, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ọwọ́ olùkọ́ dáadáa? Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí á bọ ara wa lọ́wọ́, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ọlọ́run ti ṣe é!" Mi ò sọ fún un pé kì í ṣe Ọlọ́run. Ìyá onílé sọ ọ́ káàkiri àdúgbò pé àdúrà gbà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ti ń ṣí láàárín ìka. Ní Sátidé, mo padà sí Ìkàrẹ́.

Gbogbo Sátidé ni látìgbà náà. Àwọn ìyàwó máa ń tètè wá láàárọ̀, nítorí náà ọ̀sán ni mo máa ń lọ. A óò sun iṣu lórí sítóòfù, a óò fi epo jẹ ẹ́. Mo ń kọ́ ọ ní èdè wa, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ó sọ fún mi pé Èkó lòun ti kọ́ṣẹ́, pé ọkọ òun wà lókè òkun, pé ìpè rẹ̀ ti ń jìnnà síra. Ó máa ń húkọ́. Ó ní eruku ọyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò dé, kò yé húkọ́. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ láti Sátidé di ọjọ́ Ajé, mo sì pe tèmi náà ní eruku.

Lóṣù kejì tí mo ti ń lọ, ilé ìwé wa ṣe eré ìje. Mo dúró sínú oòrùn látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ láìbo apá. Mo rò pé níwọ̀n bí ọwọ́ mi ti dúdú, ó ti padà di ọwọ́ dúdú. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ibi tí funfun wà lábẹ́ àwọ̀ náà ti léròrò. Mo tún gba Ọ̀wọ̀ lọ.

Dókítà wo ìléròrò náà, ó fi imú gbóòórùn ọwọ́ mi. "Kí lẹ fi kun ara?"

Mo ṣàlàyé. Kò bínú. Ó ní omi náà kì í bá èèyàn jà bó bá jẹ́ ojúlówó, tó bá sì dúró sí òde ara. Àwọn mìíràn tó ní irú àìsàn mi ń fi ọwọ́ pa á. Ṣùgbọ́n kì í dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn. Kò sì gbọdọ̀ wọ imú, ẹnu, tàbí ojú.

"Ṣé wọ́n ń fún yín ní ìbòmú bí wọ́n bá ń fọ́n ọn?"

"Rárá, sà."

"Ṣé fèrèsé wà níbẹ̀?"

"Ó ti fi páálí dí i, sà."

"Ta ló ṣe omi náà? Ṣé nọ́ńbà ìjọba wà lára ike rẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ aráyé ní ìwé kíkà, mi ò tíì ka nǹkan kan lára ohun tí mò ń fà símú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní Sátidé, mo ra ìbòmú méjì, mo kó wọn lọ. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń gbé omi kaná fún tíì, mo wọ ẹ̀yìn náílọ̀n, mo wo gálọ̀nù náà. Gálọ̀nù òróró ni. Ẹnì kan ti ya bébà ara rẹ̀ kúrò, bírò ni wọ́n fi kọ "dúdú díẹ̀" sí i. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kò sí nọ́ńbà.

Mo pè é, mo fi hàn án. Ó dúró, ife méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, èyí tó ní nọ́ńbà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kò wọlé mọ́. Ọkùnrin kan ní Èkó ló ń po èyí fún wa. Ṣebí ó ń mú àwọ̀ wá?"

"Ó ń mú un wá. Kí ló pò pọ̀?"

"Mi ò mọ̀." Ó gbé ife kalẹ̀. "Ṣé ẹ ò fẹ́ ṣe tòní ni?"

Ó yẹ kí n ní rárá. Mo wo ọwọ́ mi tó ti ń ṣí. Mo ro ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ro ife ìyá onílé, mo sì ro Sátidé tí n kò ní ibi tí mo máa lọ. Mo wọ ìbòmú, mo bọ́ sínú náílọ̀n. Ó wọ tiẹ̀ náà láti fi tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ó ń gbóná, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó. Mo sọ fún un pé kó ṣí fèrèsé. Ó ní bí ọdún Àjíǹde bá kọjá. Mi ò sọ ọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo tètè dé. Ọmọbìnrin kan wà nínú náílọ̀n, ìyá rẹ̀ jókòó níwájú dígí, ó ń fi fóònù wo aṣọ. Ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ ń kùn. Mo gbọ́ ikọ́, mo tún gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn kan tó ń fée bí ẹni ń fọn fèrè láti inú àyà. Náílọ̀n mì. Ọmọ náà já jáde, ó di ọrùn ara rẹ̀ mú, ètè rẹ̀ ti dúdú lọ́nà tí kì í ṣe ti omi wa.

Ìyá rẹ̀ kígbe pé, "Ikọ́ fée rẹ̀ ni! Ikọ́ fée ni! Ike tó máa ń fà símú wà nílé!"

Ọ̀rẹ́ mi dúró síbẹ̀, ẹ̀rọ ṣì ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ta páálí fèrèsé yẹn jáde. Èmi ni mo so aṣọ mọ́ ọmọ náà láyà, àwọn télọ̀ ìsàlẹ̀ sì bá wa gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìdajì ara rẹ̀ ni omi ti kàn. Nínú ọkọ̀, mo gbé orí rẹ̀ sí àyà mi, mo ń bá a ka èémí, ìyá rẹ̀ ń pe Jésù. Ní ọsibítù, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ó pẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde tó ní ó ti ń mí, mo jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kò kú. Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ lọ fẹjọ́ sùn, lọ́sẹ̀ kejì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì tó ń mójú tó oògùn àti ìpara wá láti Àkúrẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi nílé ìwé pé kí n wá sí ṣọ́ọ̀bù náà, torí wọ́n ní èmi ni mo wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, gálọ̀nù wà lórí àga. Ọ̀rẹ́ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ pọ̀ sáàárín orúnkún. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn bi mí léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣé wọ́n máa ń bi oníbàárà bóyá ó ní àìsàn èémí? Ṣé fèrèsé máa ń ṣí? Ṣé mo mọ̀ pé omi náà kò ní nọ́ńbà?

Ọ̀rẹ́ mi ń wò mí. Ó fi èdè wa, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ, sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́."

Mo sọ òtítọ́. Mo ní wọn kì í bi wọ́n. Mo ní fèrèsé kì í ṣí. Mo ní mo ti mọ̀ nípa gálọ̀nù náà kó tó kan ọmọ yẹn, pé mo mọ̀, mo sì ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn á kó omi náà lọ yẹ̀ wò, àwọn á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa ná. Bó bá ra ojúlówó, tó ṣí fèrèsé, tó gba ìbòmú àti awò ojú, tó ń bi èèyàn léèrè kó tó fọwọ́ kàn wọ́n, kó wá bá àwọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn, ọ̀rẹ́ mi dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Àǹtí, gbogbo ìlú sá fún yín. Èmi ni mo dì yín mú."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ìwọ náà ò yé húkọ́."

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò fara kàn mí.

Kò lọ bá wọn ní Àkúrẹ́. Kí oṣù tó parí, àwọn télọ̀ ní ó ti kó ẹrù rẹ̀, ó ti lọ. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò wọlé.

Àwọ̀ tí ó fọ́n sí mi kẹ́yìn gba ọjọ́ mẹ́fà kó tó lọ tán. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà ọrùn, ẹ̀bá ẹnu ló kẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ajé, mo dúró níwájú kíláàsì, mo ká apá aṣọ mi, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó na ọwọ́."

Ọmọbìnrin kan níwájú ló kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ṣé ó ń dùn yín, mà?" Mo ní kò dùn mí. Òmíràn bèèrè bóyá ó ń ràn. Mo ní rárá, mo sì ṣàlàyé bí dókítà ṣe ṣàlàyé fún mi. Wọ́n gbọ́. Ara àwọn kan balẹ̀, ti àwọn mìíràn kò balẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ní Ọlọ́run ti ṣe é ń bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá. Ìyá onílé ò sọ pé àdúrà gbà mọ́. Ó kàn gbé àmù rẹ̀ wọ inú ilé.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ni. Mo mọ ohùn náà kó tó sọ tán.

"Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Mo ní, "Níbo lo wà?"

"Mò ń bá ẹnì kan ta aṣọ." Kò dárúkọ ìlú. "Ikọ́ yẹn ti dín kù. Mo ní kí n sọ fún yín."

"Mo dúpẹ́."

Mo ń gbọ́ ìró ọjà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ó ti dé ìgbọ̀nwọ́."

"Ta ló ń bá yín kun ún?"

"Kò sẹ́ni. Mi ò kùn ún mọ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Arígìdì, ó ṣi í mú, ó dá a dúró láàárín. Ó ní oníbàárà ti dé. Mo fi nọ́ńbà náà pamọ́, mo pè é lọ́jọ́ Àìkú; ọkùnrin kan ló gbé e, ó ní òun kò mọ ẹni tí mò ń wí.

Ọ̀kà ni mo ṣì wà. Mo ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn, mo sì ń pa ìpara tí dókítà ní kí n máa pa. Ní Sátidé, mo ń fọ aṣọ ilé ìwé mi, mo ń gbá iwájú yàrá, lẹ́yìn náà mo ń sun iṣu kékeré kan. Nígbà mìíràn, bí mo bá jókòó tí ilé dákẹ́ jù, mo máa ń sọ èdè wa sókè díẹ̀, kí ó má bàa kúrò lẹ́nu mi.